Bí Amọ̀nà Àgbà Ṣe Kó Gbogbo Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Wá sí Ojúde Ara Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, kó kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí, nítorí orúkọ ọkùnrin tó ni ín gùn, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n gé e kúrú. Olóyè Dókítà Gbémiga Ògúndípẹ̀, Amọ̀nà Àgbà, Atọ́nisọ́nà-Má-Ṣìnà, Adelé Alága Àjọ Amọ̀nà Ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Oyè dókítà yẹn, ẹgbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ́fíìsì rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ. Oyè Atọ́nisọ́nà, òun ló fi ta ara rẹ̀ lọ́rẹ, ó sì dìde níbi ayẹyẹ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ọ̀kan ṣoṣo ló ń gún un bí ẹ̀gún inú àtẹ́lẹsẹ̀: "Adelé" yẹn. Adelé Alága túmọ̀ sí pé àga kì í ṣe tirẹ̀. Ó kàn ń bá wọn jókòó lé e kí eruku má baà bò ó, títí ìjọba yóò fi rí ẹni tó ni ín. Ó ti ní kí wọ́n kọ "Adelé" sára pátákó ọ́fíìsì rẹ̀ ní lẹ́tà tó kéré débi pé èèrà pàápàá máa nílò awò ojú kó tó kà á. Ìyẹn ò tó o. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pátápátá, kí òun sin ín, kí òun sì ṣe ìnáwó òkú rẹ̀.

Ọ̀nà sì ti là. Ìjọba rán ìgbìmọ̀ kan wá láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìyáàfin Lydia, olùdarí ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni olórí wọn. Nǹkan méjì ni wọ́n fẹ́ wò: iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ tó ń ṣe lọ́wọ́, àti kànga ẹ̀rọ tó ṣe fún àwọn ará Wásinmi nígbà tí ọ̀rọ̀ omi wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí méjèèjì bá tẹ́ wọn lọ́rùn, "Adelé" ti rọ̀run nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kànga Wásinmi yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà há wa lọ́fun. Amọ̀nà Àgbà ṣí kànga náà lóòótọ́. Ó gé ríbọ́nù, ó mu ife omi kan, wọ́n yà á ní fọ́tò. Nígbà tí àwọn oníròyìn lọ tán, ó wo ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó wo sólà, ó wo táńkì ńlá tí wọ́n kọ OMI ARÁ WÁSINMI sí lára gàdàgbà, àánú ẹ̀rọ náà sì ṣe é. Ó ní iyanrìn abúlé máa bà á jẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé ara rẹ̀ lórí òkè lẹ́yìn Kemta kó lè bá wọn tọ́jú rẹ̀, ó gbẹ́ ihò tuntun fún un. Láti ìgbà náà, tọkàntọkàn ló fi ń tọ́jú rẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀ Harriet, ọmọ wọn obìnrin Oyíndà, àti ọgbà òdòdó iwájú ilé, gbogbo wọn ló ń bá àwọn ará Wásinmi mu omi náà lójoojúmọ́ kó má baà dípẹtà. Ó ta aṣọ ńlá kan bo ara táńkì, ó ya àwòrán ara rẹ̀ sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà. Wásinmi kò rẹ́rìn-ín. Ihò ló ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wọn.

*

Iṣẹ́ tí Àjọ Amọ̀nà ń ṣe kò le láti yé ni. Ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe rí. O yà sẹ́yìn òkúta kan báyìí, ó ti lọ. O wọ oko, ó ti gbàgbé pé o ti sanwó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe áàpù kan tí ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fáìlì kan ni wọ́n máa gbé sínú fóònù. Inú fáìlì náà ni orúkọ gbogbo àdúgbò, abúlé, ọjà, ilé ìwòsàn àti kànga wà, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀. Bí fáìlì bá ti wọlé sínú fóònù, ó parí. O tẹ orúkọ ibi tí ò ń lọ, fóònù á ní yà sọ́tùn-ún, yà sósì, o ti dé.

Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Amọ̀nà Àgbà kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì. Báyìí ló máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ ńlá bá ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ojú àwọn èèyàn kéékèèké máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu òun.

"Kí ibì kan tó wà," ó ní, "ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ pé kó wà. Ta ni ẹni náà?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Hephzibah, akọ̀wé rẹ̀, ló dáhùn. Obìnrin yìí ní ìdáhùn nílẹ̀ kí ìbéèrè tó délé.

"Ó dáa. Ìlú tó bá fẹ́ nọ́ńbà nínú fáìlì mi, kó wá kí mi. Èyí tí kò bá wá, kò tíì wà."

"Wọn ò tíì wà, sà!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá nìyẹn. Àwọn aláró Kemta ló kọ́kọ́ dé, Alhaja Asiata ló ṣáájú wọn, wọ́n gbé àdìrẹ dání. Alhaja kúnlẹ̀, ó gbé ohùn sókè: "Amọ̀nà tó mọ̀nà ju ẹsẹ̀ lọ! Bí ẹ ò bá nawọ́ sí i, oòrùn ò ní mọ ibi tó máa wọ̀ sí!"

"Tún ti oòrùn yẹn sọ," ni Amọ̀nà Àgbà wí, ojú rẹ̀ sì wà ní dídì.

Ó tún un sọ. Wọ́n fún Kemta ní nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n jáde síta, obìnrin kan tó tẹ̀ lé e béèrè pé, "Alhaja, oòrùn kẹ̀?"

"Ìwọ ò ha fẹ́ kí oníbàárà rí ṣọ́ọ̀bù rẹ lórí fóònù ni? Oòrùn ò ní bínú. Jẹ́ ká máa lọ."

Kọ́bapẹ́ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, òṣùṣù ńláńlá, wọ́n sì gba nọ́ńbà tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Àwọn kan ní àwọn ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ gbọ́ pé àwọn ò tíì wà. Láti Wásinmi, iṣẹ́ ni Àfúsá, olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, rán wá, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn: "Ẹ bá wa kí Amọ̀nà. Ẹ ní bí omi wa bá ti dé, a ó fi wẹ̀ ká tó wá kí wọn. A ò lè wá báyìí, a ń rùn."

"Ẹ pa wọ́n rẹ́!" ni Amọ̀nà Àgbà wí.

Àmínù, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà, gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ṣe àṣìṣe kankan rí láyé rẹ̀, nítorí pé kò ṣe ohunkóhun rí tí ọ̀gá ò pa láṣẹ. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, áàpù ò gba òfo. Orúkọ gbogbo wọn ti wà nínú fáìlì. Èyí tí ò ní nọ́ńbà, kí ni ká fi sí i?"

Amọ̀nà Àgbà di ojú. "Àmínù, bí ọmọ bá sọnù lọ́jà, ta ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́?"

"Àgbà ni, sà."

"Ta ni àgbà?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Hephzibah ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ibi yòówù tí kò bá ní ibùjókòó, kó wá jókòó sí ẹsẹ̀ mi. Ẹ kó gbogbo wọn wá bá mi nílé!"

Ọ̀rọ̀ dídùn ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmínù náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá nọ́ńbà géètì ilé ọ̀gá rẹ̀ lórí òkè, ó sì fi í fún gbogbo ìlú àti abúlé tí kò wá kí i, láì dá ọ̀kan sí. Kò bi ọ̀gá ní ìbéèrè kejì. Ìbéèrè kejì ló lé ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ẹnì kan dámọ̀ràn pé kí wọ́n gbé fáìlì náà sínú fóònù kan kí wọ́n fi dán ọ̀nà wò ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ. Amọ̀nà Àgbà wò ó bí ẹni tó bá aláàmù nínú ìkòkò ọbẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́kọ́ rìn lórí ilẹ̀ tí èmi ò tíì ṣí? Níbo ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ ṣáájú baálé?"

Bí fáìlì náà ṣe délé ayẹyẹ nìyẹn, láì sí ẹni tó tọ́ ọ wò.

*

Wọ́n gbé fóònù kan sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ, wọ́n sì so ríbọ́nù pupa mọ́ fóònù náà lára bí ìgbà tí wọ́n bá di ìgbànú fún ọmọ tuntun. Amọ̀nà Àgbà gé ríbọ́nù, ó di ojú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń bọ̀ wá sábẹ́ òkúta, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà. Ó dùn mí fún wọn. Ká ní wọ́n ní irú mi láàárín wọn ni, wọn ì bá ti tètè dé!"

"Wọn ì bá ti tètè dé, sà!"

"Àwọn àgbà wọ̀nyẹn ló ní abèèrè kì í ṣìnà. Mi ò bá wọn jà, wọn ò tíì ní fáìlì. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ní orúkọ Àjọ Amọ̀nà, mo fagi lé òwe náà. Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà, ó ń tàbùkù ìjọba. Dírẹ́bà wa tó bá bi ẹlẹ́kọ tàbí ọlọ́dẹ léèrè ọ̀nà, kó máa bá ẹlẹ́kọ ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tí áàpù bá sọ labẹ́ gé!"

Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fẹ̀yìn òwe tì l'Abẹ́òkúta. Wọn ò sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì.

Ó wá fi ìka tẹ fóònù kí fáìlì máa wọlé. Òbìrìkìtì kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù. Hephzibah pariwo pé kí gbogbo èèyàn dìde fún ọ̀wọ̀. Wọ́n dìde. Ó ń yí. Ẹgbẹ́ akọrin kọ orin kan tán, ó ń yí. Ààfáà ṣe àdúà, gbogbo ilé ṣe àmín, ó ń yí. Bàbá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn fi ìdí kan àga díẹ̀, Hephzibah ní, "Bàbá, ẹ dìde, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló ń wọlé bọ̀!" Bàbá ní, "Kó máa wọlé bọ̀ ní tirẹ̀, ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí mo mọ̀ máa ń jókòó."

Nígbà tó ṣe, òbìrìkìtì náà dúró. Ó ti wọlé. Ìró àtẹ́wọ́ gba gbọ̀ngàn kan. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì náà ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù bí ẹni ń pín obì, dírẹ́bà sí dírẹ́bà, ọmọ sí ìyá, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tilẹ̀ wá.

Amọ̀nà Àgbà tọ Ìyáàfin Lydia lọ níbi tó jókòó sí níwájú. "Mà, ọ̀la lẹ̀ ń lọ wo kànga Wásinmi. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ọ̀nà. Ẹ tẹ 'Kànga Wásinmi', ẹ máa tẹ̀ lé e. Èmi náà á wá pàdé yín níbẹ̀."

"Ohun tí áàpù bá sọ labẹ́ gé?" ni Màmá Lydia béèrè.

"Labẹ́ gé, mà!"

"Mo gbọ́." Obìnrin yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìgbọràn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé àṣẹ.

Bí Màmá ti lọ tán, Amọ̀nà Àgbà fa Àmínù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ háyà táńkì kan kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọkọ̀ gbé e lọ sí Wásinmi, kí wọ́n dúró tì í bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àmínù ní kò burú. Ó fún dírẹ́bà ọkọ̀ náà ní fáìlì.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ariwo ló jí Amọ̀nà Àgbà. Ayọ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó sùn dáadáa, gbogbo òru ló fi ń pe ara rẹ̀ ní Alága, láì sí Adelé níwájú rẹ̀, tó ń gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Bàbá Oyíndà, ẹ jáde wá wo nǹkan," ni Harriet wí lẹ́nu ọ̀nà bákónì.

Ó jáde. Èrò kún ojúde rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kún fún ẹ̀gẹ́. Ọkọ̀ kan gbé bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Níwájú géètì gan-an, ọ̀wọ́ èèyàn kan wà nínú aṣọ iyì, wọ́n gbé iṣu àti oyin dání. Bí wọ́n ṣe rí i lókè, àwọn ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Kí ni ọkùnrin tó lórí pípé máa rò? Yóò rò pé wọ́n ṣìnà ni. Amọ̀nà Àgbà di ojú.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo mọ̀ pé ìròyìn á ti kàn yín. Alága ò tíì gba ìwé, ẹ ti wá kí Alága kú oríire!"

Àgbàlagbà kan láàárín wọn dáhùn láti ilẹ̀, "A dúpẹ́ o, bàbá. A ti rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá í já."

"Mo fún yín! Ohunkóhun tó bá wù yín nílé mi, mo ti fún yín! Ẹ gbé iṣu wọlé!"

Inú wọn dùn dé góńgó. Wọn ò rí ẹbí ìyàwó tó rọrùn báyìí rí. Ọkọ ìyàwó dìde, ó gbọn eruku kúrò láyà, ó ń wo ojú fèrèsé kan dé èkejì. "Ẹ ṣeun, sà. Saidat dà?"

"Saidat wo?" ni Harriet béèrè.

Oyíndà yọjú láti inú yàrá. Ọkọ ìyàwó wò ó, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, "Èyí kọ́ o. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí kọ́."

"Mo dúpẹ́," ni Oyíndà wí, ó sì padà lọ sùn.

Harriet sọ̀ kalẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó padà gòkè wá pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó ń bẹ Ọlọ́run. "Bàbá Oyíndà, ẹ gbọ́. Ìtòrí làwọn yẹn ń lọ fẹ́yàwó. Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn ń lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó wá kí yín. Fóònù ló kó gbogbo wọn wá."

"Harriet, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Àwọn ìyàwó ẹni ńlá ló máa ń gbẹ̀yìn mọ̀ pé ọkọ àwọn tóbi. Ta ló ń kó èèyàn wá sílé ẹni bí kò bá ṣe ọlá?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá já sí ẹnu géètì, tó kún bámúbámú, tó ń wá ibi tí wọ́n ń da ẹrù rẹ̀ sí. Dírẹ́bà rẹ̀ na fóònù síta fèrèsé. "Ẹ kú àárọ̀ o! Ó ní mo ti dé. Kí n máa tú u síbo?"

Ọlá náà ń rùn. Amọ̀nà Àgbà fi aṣọ bo imú, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn, ó ní kí Saheed, dírẹ́bà rẹ̀, wa òun lọ sí ọ́fíìsì kí ìfẹ́ àwọn èèyàn má baà pa òun.

*

Kò tíì jókòó tán ní ọ́fíìsì tí Hephzibah fi wọlé. "Sà, ìgbìmọ̀ Màmá Lydia ti gbéra. Wọ́n á máa súnmọ́ Wásinmi báyìí."

Ó fò dìde. Ó padà wọ ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó fa aṣọ fèrèsé bo gíláàsì kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ má baà tún rí i. "Saheed, Wásinmi, kíá!"

Saheed tẹ fóònù. Ó wò ó. Ó tún un wò. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, Wásinmi yìí, ṣé kì í ṣe ọ̀nà Èkó là ń gbà ni? Èyí tí áàpù mú yìí..."

"Saheed! Kí ni mo sọ lánàá?"

"Ẹ ní èèwọ̀ ni, sà."

"Áàpù ní kí o yà síbo?"

"Sápá Kemta, sà."

"Yà!"

Saheed mọ òkè yẹn bí ẹni mọ ìyá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ó mọ òfin náà, ó sì ní ọmọ nílé ìwé. Ó yà. Ọ̀nà ti dí pa, nítorí pé gbogbo ẹni tó ń lọ síbikíbi ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló ti kó sójú ọ̀nà kan ṣoṣo náà. Ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, Amọ̀nà Àgbà ń ka ọ̀rọ̀ tó máa sọ sínú, ó kà á títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tó yá, Saheed fọwọ́ kàn án. "Sà. Áàpù ní a ti dé Wásinmi."

Ó nu ojú, ó tún fìlà ṣe, ó bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni Ìyáàfin Lydia àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ tí wọ́n dúró yí táńkì ńlá kan ká. Ohun tó rí tẹ̀ lé e ni Àfúsá àti àwọn obìnrin Wásinmi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Táńkì ti dé, àwọn ará Wásinmi wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀. Kí ló tún kù? Ó súre fún Àmínù nínú ọkàn rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì di ojú.

"Màmá wa, Ìyáàfin Lydia, ẹ káàbọ̀ sí Wásinmi! Ẹ wo kànga! Ibi tí ẹ bá a yìí gan-an ni ọwọ́ mi gbé e sí. Mi ò sún un síwájú, mi ò sún un sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní mo gbé e lọ síbòmíràn, kó wá wò ó!"

Kẹ́ẹ̀gì kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó dún gbì. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára.

"Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e síbí, kò kọ omi rí. Àwọn tó ń mu ún, mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ àwọn ará ilé mi. Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ni wọ́n ń fọṣọ. Òdòdó pàápàá ń rí omi mu!"

"A rí òdòdó náà," ni ohùn Màmá Lydia wí. "Ó tutù yọ̀yọ̀. Ta ló sì fún yín láṣẹ pé kí ẹ gbé kànga náà síbí?"

"Èmi! Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Èmi nìkan ló rò ó, èmi nìkan ló ṣe é, mi ò sì kábàámọ̀!"

"Bàbá Oyíndà," ni ohùn mìíràn wí láti òkè, "ẹ la ojú yín."

Ó la ojú. Harriet ló rí lókè. Ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu pé kí ni Harriet ń wá ní Wásinmi. Lẹ́yìn náà ó rí bákónì tí Harriet fara tì. Ó rí ọgbà òdòdó. Ó rí ọkọ̀ ṣáláńgá. Ó rí ọkọ ìyàwó tó jókòó lórí iṣu, tó ń pe Saidat lórí fóònù. Ó wo táńkì. Aṣọ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin Wásinmi ti tú u, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n to kẹ́ẹ̀gì lé e lórí. Láàárín kẹ́ẹ̀gì, ojú rẹ̀ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. OMI ARÁ WÁSINMI, ni ara táńkì wí, ní lẹ́tà tí èèrà lè kà láti Kọ́bapẹ́.

Àfúsá pa ẹnu ẹ̀rọ omi dé, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Amọ̀nà, ẹ kúulé o. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi fáìlì yín ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo tẹ 'Kànga Wásinmi' láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, fóònù ní kí n máa bọ̀ l'Abẹ́òkúta. Mo ní fóònù yìí ti ya wèrè. Àṣé èmi ni mò ń purọ́ mọ́ ọn." Ó bu omi sọ́wọ́, ó fi bọ́jú. "Ẹ rí i pé a mú ìlérí wa ṣẹ. Omi ti dé, a ti wẹ̀, a wá kí yín."

Amọ̀nà Àgbà kọ ẹ̀yìn sí táńkì. Ó gbé fóònù sétí. "Àmínù! Pe fáìlì yẹn padà!"

"Kò ṣeé pè, sà. Inú fóònù kálukú ló wà. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sà. Ẹ gbóríyìn fún un lánàá."

"Ta ló ní kí o kó gbogbo ayé wá sílé mi?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Àmínù wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀.

Màmá Lydia bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún bí ìgbà tí olùkọ́ bá fẹ́ ka máàkì. "Adelé Alága, nǹkan méjì ni wọ́n ní kí n wá wò: bóyá áàpù yín mọ̀nà, àti ibi tí kànga Wásinmi wà. Ọkọ ìyàwó yìí á jẹ́rìí pé kò mọ̀nà Ìtòrí. Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ á jẹ́rìí pé kò mọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Nínú gbogbo ibi tí fáìlì yín kó wá síbí, ọ̀kan ṣoṣo ló fi òtítọ́ hàn." Ó fi awò ojú náà sójú padà. "Kànga Wásinmi. Ibẹ̀ gan-an ló mú wa wá. Kò ṣìnà rárá."

*

Ọkọ̀ tí Àmínù háyà, tó gbé táńkì òfìfo, wà nínú èrò náà láti òwúrọ̀. Fóònù dírẹ́bà rẹ̀ ní ibẹ̀ ni Wásinmi. Òun ni wọ́n kó ẹ̀rọ, sólà àti táńkì gidi náà sí. Àfúsá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi ìyẹn sápò. Bi mí."

Ìjọba náà ò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n yọ "Adelé" kúrò lára orúkọ Olóyè Dókítà Gbémiga Ògúndípẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbàdúrà. Wọ́n kàn yọ "Alága" mọ́ ọn ni. Àmínù ṣe fáìlì tuntun, pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá tuntun. Hephzibah sì wà níbẹ̀, ó ní ìgbà tí wọ́n ń ṣe ti àkọ́kọ́, òun ti mọ̀ pé kò dáa.

Ṣùgbọ́n fáìlì àtijọ́ ò tíì tán nínú fóònù àwọn èèyàn. Lójoojúmọ́, ẹnì kan á ṣì gun òkè náà wá láti ọ̀nà jíjìn, á wo ojú fóònù, á wo géètì, ojú rẹ̀ á dàrú. Amọ̀nà Àgbà ti gbé àga kan síta, àga tirẹ̀ gan-an, tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà. Ó ń retí wọn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan báyìí, ọkùnrin kan tó ń gbé ẹrù lọ sí Wásinmi dúró, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Wásinmi ńkọ́?"

Inú rẹ̀ dùn. Ó tún fìlà ṣe, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ojú pinpin. "Ọmọ mi," ó bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń bọ̀ wá sábẹ́ òkúta..."

Nígbà tí yóò fi la ojú, ọkùnrin náà ti kọjá sódìkejì títì, ó dúró sídìí àtẹ Beatrice oníbúrẹ́dì, tó ń fi ọ̀bẹ búrẹ́dì júwe ọ̀nà fún un láì dá ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀, ó yí i padà, ó sì bá ọ̀nà Èkó lọ, kò sì ṣìnà.